Iyè, Ìyára àti Ìgbóná: Ìperí fún Òṣùwọ̀n Mẹ́ta nínú Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ń pe kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá àṣà ìsọlórúkọ Yorùbá mu, nítorí pé ìṣesí nǹkan ni ó fi sọ nǹkan lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìyára nìkan ni orúkọ náà yìn. Àṣá tí kò bá rántí ibi tí ó ti rí òròmọdìẹ yóò kàn máa rà bàbà kiri lásán ni. Èyí tí ó bá sì ń fò nínú oòrùn ọ̀sán láìsinmi, kò ní pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń bá pàdé lára rẹ̀: èyí tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ lè rántí, èyí tí ó ń sọ bí ó ṣe yára tó, àti èyí tí ó ń sọ bí ó ṣe gbóná tó.

Nọ́ńbà ni a fi ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kì í ṣini lọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Nínú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ohun méjì fi ara pamọ́ sí. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, òǹkàwé lè fi owó ra ohun tí kò nílò, ó sì lè ba ẹ̀rọ tí ó fi owó gọbọi rà jẹ́. Ète iṣẹ́ yìí ni láti ya ohun méjìméjì wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ó sì dábàá ìperí tí ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Irú ìgbìyànjú báyìí kò ṣàjèjì. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì di dandan kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun púpọ̀. Apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé lórí. Ti kọ̀ǹpútà ṣì ń fẹ́ àbójútó.

2. Iyè àti Àká

Èkíní nínú ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ìrántí ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Èyí ni àwọn olùtà ń kọ RAM sí lára. Èkejì ni ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ìwé, àwòrán àti orin sí títí di ọjọ́ tí a óò tún béèrè wọn. Bí páálí ẹ̀rọ kan bá gbé 8 GB àti 256 GB, tí ògbufọ̀ sì pe méjèèjì ní ìrántí, òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń rá pálà nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ìyá aláṣọ lè la ọ̀rọ̀ náà yé ni. Aṣọ tí ó tẹ́ sórí tábìlì ní ọjà ni ó lè fi han oníbàárà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí ó wà nínú àpótí ní ilé pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹnìkan lọ gbé e wá kí ó tó lè tà á. Bí tábìlì bá kéré, àlọ àti àbọ̀ yóò pọ̀, bí àpótí ilé tilẹ̀ kún fọ́fọ́. Bí ọjà bá sì tú, a ó palẹ̀ orí tábìlì mọ́ pátápátá. Ti inú àpótí yóò wà níbẹ̀ di ọ̀la.

Iyè ni ìperí tí ó yẹ èkíní. Yorùbá a máa sọ pé iyè ènìyàn rá nígbà tí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ bá ṣàdédé pòórá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí RAM bí iná mànàmáná bá lọ: ohun tí akọ̀wé kò tíì tọ́jú pamọ́ yóò ṣègbé. Àká ni ó yẹ èkejì, nítorí pé àgbẹ̀ tí ó kó àgbàdo rẹ̀ sínú àká kì í bẹ̀rù pé yóò pòórá kí òun tó jí.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín. Iyè tí a ń wí yìí ní ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìyè, tí í ṣe wíwà láàyè, ní ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Iye, tí í ṣe bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, ní ohùn àárín méjì. Atẹ̀wé tí kò bá fi àmì sórí gbólóhùn bí “iye iyè ẹ̀rọ yìí” yóò da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra.

Bíìtì àti báìtì ni a fi ń wọn iyè àti àká. Ọ̀rọ̀ àyálò ni méjèèjì, kò sì sí ìdí láti lé wọn lọ, nítorí pé wọ́n ti wọ inú èdè púpọ̀ láyé. Bíìtì kan kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ nílé lè lo ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá: ojú mẹ́jọ ni ó ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí sókè tàbí kí ó dojú bolẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Oríṣi 256 kan náà ni báìtì kan lè gbé kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà ara-ẹni tí IBM gbé jáde ní 1981 lè ní iyè tí kò ju kílóbáìtì 16 lọ. Ẹ̀rọ tí iyè rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8 fi ìlọ́po 524,288 jù ú.

Ìṣòro kékeré kan wà nínú òǹkà yìí. Kílò ní ibòmíràn jẹ́ 1,000, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ pé èjì ni ìpìlẹ̀ òǹkà wọn, máa ń fi 1,024 ṣe kílò. Nítorí èyí, àká tí olùṣe rẹ̀ pè ní gígábáìtì 500 lè fara hàn lójú ẹ̀rọ mìíràn bí 465, tí olùrà yóò sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ní 1998 ni àjọ IEC fi orúkọ kíbì, mẹ́bì àti gíbì lọ́lẹ̀ fún àwọn ti 1,024, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà á lò. Ògbufọ̀ ní láti wádìí èwo ni ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ ń lò.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìdí tí iyè fi ń rá. Ní 1968 ni Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí iyè tí bíìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní ju tíráńsítọ̀ kan àti ohun kékeré kan tí ń gba iná dúró. Ohun tí ń gba iná dúró yìí dà bí kèrègbè tí ó ń jò: a gbọ́dọ̀ máa bu omi kún un kí ó tó gbẹ. Nínú iyè òde òní, ẹ̀rọ a máa tún iná bíìtì kọ̀ọ̀kan kún láàárín ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná bá lọ, kò sí ẹni tí yóò bu omi kún kèrègbè mọ́.

3. Ìyára-ìlù àti Ìyára-iṣẹ́

Ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ègé tí ń ṣe iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí ní àléébù kan. Nínú èdè Yorùbá, ọpọlọ kó ríronú àti rírántí pọ̀ sójú kan, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa rò pé inú ègé yẹn ni iyè wà. Amúṣẹ́ṣe ni ó sàn jù, nítorí pé gbogbo ohun tí ègé náà ń ṣe kò ju kí ó gba àṣẹ kan láti inú iyè, kí ó mú un ṣe, kí ó dá èsì padà, kí ó sì tún gba òmíràn.

Ìlù ni ó ń darí ẹsẹ̀ amúṣẹ́ṣe. Nínú ẹ̀rọ ni iná kan wà tí ń lọ sókè tí ń bọ̀ nísàlẹ̀ láìyẹ̀, bí ìgbà tí onílù bá ń lu ìlù kan náà láìdáwọ́ dúró. Amúṣẹ́ṣe kì í gbé ẹsẹ̀ láìgbọ́ ìlù. Iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń fi hertz wọ̀n. Gigahertz kan sì jẹ́ bílíọ̀nù kan ìlù. Èyí ni ó yẹ kí a pè ní ìyára-ìlù.

Ṣùgbọ́n ìyára-ìlù kọ́ ni ìyára-iṣẹ́. Bí àgbẹ̀ méjì bá ń kọ ebè, tí èkíní ju ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí èkejì jù ú lẹ́ẹ̀kan, èkejì lè kọ ebè jù bí ọkọ́ tirẹ̀ bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Amúṣẹ́ṣe kan lè parí àṣẹ mẹ́rin lórí ìlù kan, kí òmíràn má parí ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi gigahertz nìkan díwọ̀n amúṣẹ́ṣe tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe, tàbí tí a ṣe ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò tíì mọ èyí tí ó yára.

Ìtàn amúṣẹ́ṣe jẹ́rìí sí èyí. Intel 4004 tí ó jáde ní 1971 ní tíráńsítọ̀ 2,300, ìlù rẹ̀ kò sì ju 740,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti kọ̀ǹpútà IBM ní 1981 jẹ́ mílíọ̀nù 4.77. Pentium 4 bẹ̀rẹ̀ ní gigahertz 1.4 àti 1.5 ní 2000, ó sì dé 3.8 ní 2004. Ní ọdún 2004 kan náà ni Intel kéde pé òun kò ní gbé oní-gigahertz 4 tí òun ti ṣèlérí jáde mọ́. Ó di 2023 kí Intel tó ta amúṣẹ́ṣe tí ìlù rẹ̀ lè dé gigahertz 6. Ohun tí ó lé ní ìlọ́po 5,000 láàárín ọdún 33 àkọ́kọ́ kò tó ìlọ́po méjì láàárín ọdún 19 tí ó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò dẹ́kun láti máa yára sí i, nítorí pé àwọn olùṣe rẹ̀ yà sí ọ̀nà ọ̀wẹ̀: wọ́n ń fi amúṣẹ́ṣe méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ sínú ègé kan, kí wọ́n lè jọ pín iṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé pín ni ọ̀wẹ̀ kì í ràn lọ́wọ́.

Ohun kejì tí ó ń dín ìyára-iṣẹ́ kù ni ìdúró de iyè. Grace Hopper, ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà tí ó tún jẹ́ àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà, a máa fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ní wáyà tí ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n lè fojú rí ibi tí iná lè rìn dé láàárín ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Fún amúṣẹ́ṣe tí ó ń gbọ́ ìlù bílíọ̀nù mẹ́ta, ibẹ̀ ti tó ìlù mẹ́ta. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣe àpò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ amúṣẹ́ṣe gan-an, èyí tí ìperí àpò-ìtòsí yẹ.

Bí a bá fi ìlù kan ṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyàtọ̀ náà yóò hàn kedere. Ohun tí ó wà nínú àpò-ìtòsí yóò tẹ amúṣẹ́ṣe yìí lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ti inú iyè yóò gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ti inú àká tí kò ní ohun tí ń yí yóò gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ti àká onírin tí ń yí yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí iyè rẹ̀ kún àkúnya fi máa ń falẹ̀, bí ìlù rẹ̀ tilẹ̀ yá: inú àká ni ó ń sáré lọ ní gbogbo ìgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi owó díẹ̀ ra iyè kún un dípò kí ó fi owó púpọ̀ ra amúṣẹ́ṣe tuntun.

4. Ìgbóná-àyíká àti Ìgbóná-inú

Kí a tó dé orí ìpín yìí, ó yẹ kí a ya ooru kúrò lára ìgbóná. Omi híhó tí ó kún ṣíbí gbóná ju ìkòkò ńlá tí omi inú rẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó yìnyín sínú méjèèjì, ìkòkò ni yóò yọ́ èyí tí ó pọ̀ jù. Ìgbóná ṣíbí ga jù. Ooru ìkòkò ni ó pọ̀ jù. Ooru ni ohun tí ń rìn láti ara nǹkan kan sí òmíràn. Ìgbóná ni ohun tí a ń fi dígírì wọ̀n. Ẹni tí ó bá túmọ̀ 35°C sí “ìwọ̀n ooru 35” ti da ohun méjì pọ̀. Ìwọ̀n-ìgbóná ni ó tọ́.

Ooru kọ̀ǹpútà ń wá láti inú ìlù rẹ̀. Lórí ìlù kọ̀ọ̀kan ni iná ń wọlé tí ó sì ń jáde nínú àìmọye tíráńsítọ̀, tí ó sì ń di ooru. Bí ìlù bá di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po méjì. Bí fóltéèjì bá di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1974, Dennard kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí tíráńsítọ̀ bá ń kéré sí i tí fóltéèjì rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bákan náà, ooru orí ègé kò ní pọ̀ sí i. Ìlànà yìí ni ó gbé ìyára-ìlù ga fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí fóltéèjì kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí iná tí ń jò, ooru di ògiri. Ògiri yìí ni ó dá ìlù dúró ní 2004.

Ibi tí ògbufọ̀ ti lè ṣe jàǹbá jù nìyí. Ìwé ìlò fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè sọ pé kí ó má kọjá 35°C; ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ kan náà sì lè fi hàn pé ó wà ní 80°C, kí ohunkóhun má ṣe é. Òṣùwọ̀n méjèèjì tọ̀nà. Èkíní ń sọ nípa afẹ́fẹ́ yàrá, èkejì ń sọ nípa ègé inú ẹ̀rọ. Bí a bá pe méjèèjì ní ìgbóná ẹ̀rọ, òǹkàwé kan yóò pa ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan, òmíràn yóò sì fi ti rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ní ìgbàgbọ́ pé kò tíì dé 80. Ìgbóná-àyíká àti ìgbóná-inú ni ó yẹ kí a máa lò.

Ní ti ìgbóná-inú, 100°C ni Intel fi ṣe òpin fún púpọ̀ nínú amúṣẹ́ṣe rẹ̀. AMD fi 95°C ṣe ti ọ̀wọ́ Ryzen 7000 tí ó jáde ní 2022. Bí amúṣẹ́ṣe bá dé òpin yìí, kì í jóná lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dẹ ìlù rẹ̀ sílẹ̀ kí ooru lè dín kù, èyí tí a lè pè ní ìdẹsẹ̀. Bí ìdẹsẹ̀ kò bá tó, yóò pa ara rẹ̀. Iyè pàápàá ní ìpín tirẹ̀: bí ó bá ti kọjá 85°C, kèrègbè a máa jò kíákíá, ẹ̀rọ a sì máa tún iná kún un láàárín ìdá 32 dípò 64. Àká onírin tí ń yí kì í fẹ́ kọjá 60°C, bátìrì líthíọ́ọ̀mù kò sì gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí ó bá ti kọjá 45°C.

Ìgbóná-inú a máa tẹ̀ lé ìgbóná-àyíká. Bí iṣẹ́ kan bá mú ègé fi dígírì 50 gbóná ju yàrá lọ, ègé náà yóò wà ní 72°C nínú yàrá 22°C, yóò sì súnmọ́ 86°C nínú yàrá 36°C. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ìmú-tutù ní Amẹ́ríkà, ASHRAE, fi dábàá 18 sí 27°C fún àwọn gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà ńlá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù kejì àti ìkẹta ọdún ni ìgbóná-àyíká máa ń ga jù, lẹ́yìn tí eruku ọyẹ́ ti dí ojú fáànù. Ẹ̀rọ tí a gbé ka orí tìmùtìmù kò rí ibi mí. Gbígbọn eruku kúrò lẹ́yìn ọyẹ́, gbígbé ẹ̀rọ ka orí tábìlì líle, àti ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ lè mú ìyára-iṣẹ́ padà wá láìná owó. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ tí a gbé jáde láti yàrá tí ó tutù nini sínú afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin lè mú ìrì. Kí a jẹ́ kí ó sinmi kí ìrì náà gbẹ kí a tó tàn án.

5. Ìlò nínú Ìtumọ̀

Gbólóhùn méjì yìí lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ògbufọ̀:

“Má ṣe lo ẹ̀rọ yìí níbi tí ìgbóná-àyíká bá ti ju 35°C lọ.”

“Bí ìgbóná-inú bá dé 100°C, amúṣẹ́ṣe yóò ṣe ìdẹsẹ̀.”

Bí a bá yọ àyíká àti inú kúrò, gbólóhùn kejì yóò máa ta ko èkíní. Ẹ̀rí nìyẹn pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́ èdè.

6. Àkójọ Ìperí

Iyè: ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí ó ń rá bí iná bá lọ.
Àká: ibi ìtọ́jú tí kì í rá bí iná bá lọ.
Àpò-ìtòsí: iyè kékeré tí ó yára, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ amúṣẹ́ṣe.
Amúṣẹ́ṣe: ègé tí ń gba àṣẹ tí ó sì ń mú un ṣe.
Ìyára-ìlù: iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ìyára-iṣẹ́: bí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ parí láàárín àkókò kan ṣe pọ̀ tó.
Ìgbóná-àyíká: ìwọ̀n-ìgbóná afẹ́fẹ́ tí ó yí ẹ̀rọ ká.
Ìgbóná-inú: ìwọ̀n-ìgbóná ègé inú ẹ̀rọ.
Ìdẹsẹ̀: dídẹ ìlù sílẹ̀ nítorí ìgbóná-inú.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ ara wọn: ìlù ń bí ooru, ooru ń mú kí iyè jò, iyè tí kò tó sì ń mú kí ìlù yá lásán. Ẹni tí ó bá mọ ìsopọ̀ yìí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó rà àti ohun tí ó yẹ kí ó tọ́jú. Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Inú oko, ọjà àti agbo ijó ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Èyí tí ó kù ni kí àwọn olùkọ́ fi ìperí wọ̀nyí dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú kíláàsì. Ìperí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò lọ́nà tí ó tọ́ láìjẹ́ pé a tún ṣàlàyé rẹ̀ fún un ni kí ó dúró. Èyí tí ó bá ń ṣì wọ́n lọ́nà, kí a fi èyí tí ó sàn rọ́pò rẹ̀.